Ta Ni Ó Fi Òǹkọ̀wé Ṣe Ìwọ̀fà?

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, àgbà àti ọ̀dọ́, ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lọ́tẹ̀ yìí jẹ́ ọ̀rọ̀ owó, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó nìkan. Ọ̀rọ̀ ìwé ni, àti ọ̀rọ̀ àwọn tí ń kọ ọ́. A fẹ́ sọ bí olówó méjì ṣe ń du èrè láàárín ara wọn, tí wọ́n sì fi ẹni kẹta tí kò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè dógò.

Ní oṣù karùn-ún ọdún 2014, àwọn ará Amẹ́ríkà tí wọ́n lọ sí àtẹ Amazon lórí ẹ̀rọ ayélujára láti ra ìwé tí ilé-iṣẹ́ Hachette tẹ̀ jáde bá ohun tí ojú wọn kò rí rí. Ìwé tí ó máa ń dé ọwọ́ ẹni láàárín ọjọ́ mélòó kan, Amazon ní yóò gba ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta, òmíràn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀dínwó tí ó máa ń wà lára rẹ̀ ti kúrò. Ìwé tí kò tíì jáde, tí ènìyàn ti máa ń sanwó rẹ̀ dè kí ó tó dé, bọ́tìnì tí a fi ń rà á ti pòórá. Ṣé ìwé wọ́n ni? Rárá. Hachette ní àwọn ń kó ìwé ránṣẹ́ kíákíá bí Amazon bá ti béèrè. Amazon náà kò sẹ́: ó ní òun mọ̀ọ́mọ̀ dín iye ìwé Hachette tí òun ń rà pamọ́ kù ni, nítorí pé àdéhùn àwọn ti tán, àwọn kò sì tíì fẹnu kò lórí òmíràn. J. K. Rowling tí àwọn ọmọ ilé-ìwé mọ̀ nítorí Harry Potter ní ìwé kan, The Silkworm, tí ó ń jáde ní oṣù kẹfà ọdún náà lábẹ́ orúkọ Robert Galbraith. Òun pàápàá kò yọ nínú rẹ̀. Bí ọwọ́ bá lè ba Rowling, kí ni kí ẹni tí ó ń kọ ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́ ó ṣe?

Àwọn bàbá wa mọ orúkọ tí irú nǹkan báyìí ń jẹ́. Láyé àtijọ́, bí bàbá bá jẹ gbèsè tí kò rí i san, ó lè fi ọmọ rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà lọ́dọ̀ olówó. Ọmọ náà kò yá kọ́bọ̀. Kò sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń ka owó. Ṣùgbọ́n òun ni yóò máa jí lọ sí oko olówó, bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ tí ó ń ṣe kò sì ní yọ kọ́bọ̀ kan kúrò lórí gbèsè. Èlé lásán ni iṣẹ́ náà. Títí bàbá yóò fi rí owó san, ọmọ ń bẹ nínú oko. Ayé ti pa àṣà yìí tì tipẹ́. Èyí tí a ń wí yìí ni kí a fi wé e: òǹkọ̀wé kò sí nínú yàrá tí Amazon àti Hachette ti ń ṣe àdéhùn, ṣùgbọ́n ìwé rẹ̀ ni wọ́n ń dì mú.

Kí ni wọ́n tilẹ̀ ń jà sí? Ẹ jẹ́ kí a ṣàlàyé rẹ̀ bí ẹni ń bá ìyá ọlọ́jà sọ̀rọ̀. Ní ọ̀nà àtijọ́, onítẹ̀wé á kọ iye kan sí ẹ̀yìn ìwé, òǹtàwé á san nǹkan bí ìdajì rẹ̀ fún un, á sì tà á ní iye tí ó bá wù ú. Nígbà tí Amazon gbé ẹ̀rọ ìkàwé Kindle jáde ní oṣù kọkànlá ọdún 2007, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ta ọ̀pọ̀ ìwé tuntun tí ọjà wọn ń yá, èyí tí a ń kà lórí ẹ̀rọ, ní dọ́là 9.99. Lórí òmíràn nínú wọn, owó tí ó ń san fún onítẹ̀wé ju owó tí ó ń gbà lọ́wọ́ oníbàárà lọ. Ìyá ọlọ́jà yóò béèrè pé, ta ní ń ta ọjà ní àdánù? A mọ ìdáhùn rẹ̀ ní ọjà tiwa náà. Ẹni tí ń ta gààrí ní owó tí kò tó èyí tí ó fi rà á kò fẹ́ràn oníbàárà ju bí àwọn yòókù ṣe fẹ́ràn rẹ̀ lọ; ó ń dúró de ọjọ́ tí ìsọ̀ kejì yóò kógbá wọlé ni.

Àwọn onítẹ̀wé rí èyí, ẹ̀rù sì bà wọ́n. Wọ́n ní bí òǹkàwé bá ti mọ̀ pé dọ́là mẹ́sàn-án àti díẹ̀ ni ìwé tuntun, kò ní san jù bẹ́ẹ̀ lọ mọ́ láé, Amazon yóò sì padà wá bá àwọn pé kí àwọn náà dín owó tiwọn kù. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2010, nígbà tí Apple fẹ́ gbé iPad jáde, wọ́n rí ọ̀nà mìíràn: kí onítẹ̀wé fúnra rẹ̀ máa dá iye tí a ó ta ìwé, kí òǹtàwé máa mú dọ́là 30 nínú ọgọ́rùn-ún. Ọ̀gá Macmillan, John Sargent, gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá Amazon ní Seattle. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, Amazon ti yọ bọ́tìnì kúrò lára gbogbo ìwé Macmillan, ti orí ẹ̀rọ àti ti oníwèé pẹ̀lú. Lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ kan ó dá wọn padà, ó gbà pé òun ti túúbá, ṣùgbọ́n ó fi kún un pé Macmillan nìkan ni ó ni àṣẹ lórí àwọn ìwé Macmillan. Ẹ gbọ́ ẹjọ́! Wọ́n fi ẹ̀sùn kan àgbẹ̀ pé òun nìkan ni ó ń pàṣẹ lórí iṣu oko rẹ̀.

Macmillan tóbi, ó lè fara da ọ̀sẹ̀ kan. Ní oṣù kejì ọdún 2012, ó kan IPG ní Chicago, ilé-iṣẹ́ tí ń bá ọ̀pọ̀ onítẹ̀wé kéékèèké tà. Nígbà tí wọn kò gba ohun tí Amazon ń béèrè nínú àdéhùn tuntun, ìwé orí ẹ̀rọ tí ó ju 4,000 lọ di àwátì lórí àtẹ, ó sì di oṣù karùn-ún kí wọ́n tó parí rẹ̀. Nínú ìwé tí oníròyìn Brad Stone kọ nípa Amazon ní 2013, ó ròyìn pé Jeff Bezos ti sọ nígbà kan rí pé kí wọ́n máa súnmọ́ àwọn onítẹ̀wé kéékèèké bí ẹranko apẹranjẹ ṣe ń súnmọ́ ẹtu tí ara rẹ̀ kò yá. Kò sí ohun tí a fẹ́ fi kún èyí.

Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ̀ẹ́ kí a fi ojú kan ṣoṣo wo ọ̀ràn. Àwọn onítẹ̀wé kì í ṣe ẹni mímọ́. Ní oṣù kẹrin ọdún 2012, ìjọba Amẹ́ríkà pe Apple àti onítẹ̀wé ńlá márùn-ún lẹ́jọ́ pé wọ́n dìtẹ̀ láti gbé owó ìwé orí ẹ̀rọ sókè. Hachette wà nínú wọn, Macmillan wà nínú wọn. Gbogbo àwọn onítẹ̀wé márààrún ni wọ́n fi ìpinnu-lábẹ́lẹ̀ parí tiwọn. Apple nìkan ni ó dúró jẹ́jọ́, Adájọ́ Denise Cote sì dá a lẹ́bi ní oṣù keje ọdún 2013. Ó di 2016 kí ẹjọ́ náà tó tán pátápátá, owó tí Apple san sì jẹ́ mílíọ̀nù 450 dọ́là. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá ń sọ fún yín pé ìjà yìí jẹ́ ìjà láàárín ìmọ̀ àti ojúkòkòrò, ẹ bi í pé apá ibo ni ojúkòkòrò wà. Apá méjèèjì ni.

Amazon ní àwíjàre, ó sì yẹ kí a gbọ́ ọ. Ní 2014 ó ṣe ìṣirò kan fún gbogbo ayé. Ó ní ìwé orí ẹ̀rọ tí yóò ta 100,000 ẹ̀dà ní dọ́là 14.99 yóò ta 174,000 bí a bá sọ ọ́ di dọ́là 9.99. Ẹ bá wa ṣírò rẹ̀: ti àkọ́kọ́ mú nǹkan bí mílíọ̀nù kan àti ààbọ̀ dọ́là wá, ti èkejì lé ní mílíọ̀nù kan àti ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin. Òǹkàwé san díẹ̀, òǹkọ̀wé gba púpọ̀. Ó dùn létí. Ó tilẹ̀ lè jẹ́ òtítọ́ lórí ọ̀pọ̀ ìwé. Ohun tí a ń béèrè ni pé, bí ìṣirò bá dára tó bẹ́ẹ̀, kí ni ó dé tí kò fi lè dúró fúnra rẹ̀, tí ó fi jẹ́ pé a ní láti di ìwé ọmọ ọlọ́mọ mú kí ẹnìkejì tó gbà á? Ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ tọ́ kì í mú ọmọdé sílé kí ó tó wí i.

Ní oṣù keje ọdún náà Amazon tún ní òun àti Hachette lè fi gbogbo owó tí ó bá ń wọlé lórí ìwé orí ẹ̀rọ sílẹ̀ fún àwọn òǹkọ̀wé títí ìjà yóò fi parí. Hachette kọ̀. Àwọn kan bá Hachette wí fún èyí, pé ìkà ni. Àwa kò rí i bẹ́ẹ̀. Bí àánú òǹkọ̀wé bá ṣe Amazon lóòótọ́, oògùn rẹ̀ kò jìnnà, kò sì gba ìwé àdéhùn kankan: kí ó dá bọ́tìnì padà sí ipò rẹ̀. Ẹni tí ó dáná sun aṣọ rẹ kò lè máa fi agbádá lọ̀ ọ́ lójú ọjà kí a máa kí i pé ó ṣeun.

Ní ọjọ́ kẹwàá oṣù kẹjọ ọdún 2014, àwọn òǹkọ̀wé tí wọ́n ju 900 lọ, tí Douglas Preston ṣíwájú wọn, ra odidi ojú ewé kan nínú ìwé ìròyìn New York Times. Ohun tí wọ́n sọ níbẹ̀ ni ó wú wa lórí jùlọ nínú gbogbo ọ̀ràn yìí. Wọ́n ní àwọn kò gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni lórí àdéhùn náà. Kí Amazon má ṣe fi ìwé àwọn jà ni àwọn ń wí. Kì í sì í ṣe gbogbo òǹkọ̀wé ni ó bá wọn lọ. Àwọn tí ń tẹ ìwé ara wọn jáde lórí Amazon, bí Hugh Howey, kọ ìwé tiwọn láti gbè é lẹ́yìn, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn sì buwọ́ lù ú. Wọ́n ní àwọn onítẹ̀wé ńlá ti ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn fún ọ̀pọ̀ ọdún, Amazon ni ó ṣí i. Wọn kò purọ́. A ó padà sórí ọ̀rọ̀ wọn.

Amazon dáhùn pẹ̀lú lẹ́tà sí àwọn òǹkàwé. Ó fi àdírẹ́sì ọ̀gá Hachette, Michael Pietsch, sí i pé kí wọ́n kọ̀wé sí i, ó sì pe òǹkọ̀wé George Orwell ní ẹlẹ́rìí. Ó ní ní ayé àwọn ìwé Penguin olówó pọ́ọ́kú, Orwell dá a lábàá pé kí àwọn onítẹ̀wé gbìmọ̀ pọ̀ láti pa wọ́n run. Ọ̀rọ̀ àwàdà ni Orwell sọ ní 1936! Ó yin àwọn ìwé náà pé wọ́n dára ju owó wọn lọ, ó wá fi àwàdà sọ pé bí àwọn onítẹ̀wé yòókù bá gbọ́n, wọn ì bá gbìmọ̀ pa wọ́n. Amazon gé orí ọ̀rọ̀ sọnù, ó mú ìrù rẹ̀ lọ sí kóòtù. Orwell yìí kan náà ni ó ṣẹlẹ̀ sí ní oṣù keje ọdún 2009, nígbà tí Amazon rí i pé ẹni tí ó kó ìwé rẹ̀ méjì, 1984 àti Animal Farm, wá sórí àtẹ kò ní ẹ̀tọ́ sí wọn. Ó wọ inú Kindle àwọn tí wọ́n ti sanwó, ó sì pa ìwé náà rẹ́ níbẹ̀. Owó wọn padà sọ́wọ́ wọn, Bezos sì bẹ̀bẹ̀. Síbẹ̀, alágbàtà wo ni a rí rí tí ó wọ yàrá oníbàárà lóru láti mú ìwé kúrò lábẹ́ ìrọ̀rí rẹ̀?

Ọjọ́ kẹtàlá oṣù kọkànlá ọdún 2014 ni ìjà Hachette parí. Hachette yóò máa dá iye ìwé rẹ̀ orí ẹ̀rọ, Amazon yóò sì máa fún un ní àǹfààní bí ó bá dín owó kù. Ìyókù jẹ́ àṣírí àwọn méjèèjì. Olówó méjì bọ ara wọn lọ́wọ́. Ẹni tí ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde láàárín oṣù karùn-ún sí oṣù kọkànlá ń kọ́? Ẹni tí ó bá mọ òwò ìwé mọ̀ pé ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ni ìwé fi ń yè tàbí kú. Gbogbo owó tí àwọn ènìyàn ti san dè é ṣáájú ni a ń kà pọ̀ mọ́ títà ọ̀sẹ̀ náà. Òun ni ó ń gbé e dé orí ìwé àkójọ àwọn tí ọjà wọn yá. Òun sì ni onítẹ̀wé ń wò kí ó tó gba ìwé kejì lọ́wọ́ òǹkọ̀wé. Edan Lepucki bọ́ nínú rẹ̀ nítorí pé Stephen Colbert, aláwàdà orí tẹlifíṣọ̀n tí Hachette ń tẹ ìwé fún òun náà, gbé ìwé rẹ̀ California sókè níwájú gbogbo ayé pé kí wọ́n lọ rà á níbòmíràn. Mélòó ni ó ní Colbert?

Àwa Mùsùlùmí kò gbọdọ̀ ka èyí sí ọ̀rọ̀ àwọn òyìnbó lásán. Āyah tí ó gùn jùlọ nínú Àlùkùráánì, ìkejìlélọ́gọ́rin lé ní igba nínú Súratul-Baqarah, ọ̀rọ̀ àdéhùn gbèsè ni ó dá lé. Ọlọ́hun pàṣẹ níbẹ̀ pé kí a kọ ọ́ sílẹ̀, kí akọ̀wé kọ ọ́ pẹ̀lú òdodo, kí á pe ẹlẹ́rìí. Lẹ́yìn náà, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ onímọ̀ ṣe túmọ̀ rẹ̀, Ó kìlọ̀ pé kí a má ṣe ni akọ̀wé àti ẹlẹ́rìí lára. A mọ̀ pé akọ̀wé àdéhùn ni āyah náà ń wí, kì í ṣe òǹkọ̀wé ìtàn. Ṣùgbọ́n ẹ wo ẹni tí a rántí níbẹ̀: kì í ṣe ẹni tí ó yá owó, kì í ṣe ẹni tí ó yá ni lówó, ẹni kẹta ni, tí kò ní èrè nínú rẹ̀, tí ọwọ́ ìyà sì lè bà bí àwọn méjì yòókù bá ń jà.

Ohun tí ìlú kan fẹ́, ó lè ṣe é. Láti 1981 ni òfin ilẹ̀ Faransé ti fi àṣẹ fún onítẹ̀wé láti dá iye ìwé, tí òǹtàwé kankan kò sì gbọdọ̀ dín in kù ju dọ́gba-dọ́gba 5 nínú ọgọ́rùn-ún. Jámánì ní òfin tí ó jọ ọ́. Ní 2014 àwọn Faransé ní òǹtàwé orí ẹ̀rọ kò gbọdọ̀ tún gbé ìwé dé ilé lọ́fẹ̀ẹ́. Amazon rẹ́rìn-ín, ó gba sẹ́ńtì kan péré. Wọ́n tún òfin ṣe ní 2021, láti oṣù kẹwàá ọdún 2023 ni ìwé tí owó rẹ̀ kò bá tó yúrò 35 ti ń san yúrò mẹ́ta, ó kéré tán, kí a tó gbé e délé. Ọlọ́gbọ́n àrékérekè pàdé ẹni tí kò sá. Wọn kò ní pé kí Amazon má tajà. Ohun tí wọ́n wí ni pé kò ní jẹ́ Amazon nìkan ni yóò máa dá iye tí ìwé tó.

Ní báyìí, ó kù sí ọ̀dọ̀ wa. Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ń ka ìwé yìí ni ẹ ti gbé ìtàn yín sórí àtẹ Amazon fúnra yín, bí Hugh Howey àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. A kò bá yín jà, ilẹ̀kùn náà ṣí lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ṣé ẹ ka àdéhùn tí ẹ tẹ bọ́tìnì sí? Bí ẹ bá fi ìwé yín sí iye tí ó wà láàárín dọ́là 2.99 sí 9.99, ẹ lè gba 70 nínú ọgọ́rùn-ún ní àwọn orílẹ̀-èdè tí wọ́n là sílẹ̀. Bí ẹ bá jáde kúrò láàárín rẹ̀, 35 ni. Ṣé ẹ rí 9.99 náà? Ohun tí wọn kò rí gbà lọ́wọ́ Macmillan pẹ̀lú gbogbo lọ́yà rẹ̀, ẹ̀yin ti fún wọn láìjà. Bí ẹ bá wọ ètò wọn tí ń jẹ́ KDP Select, fún àádọ́rùn-ún ọjọ́ ẹ kò gbọdọ̀ ta ìwé orí ẹ̀rọ náà níbòmíràn. Àdéhùn náà sì gbà wọ́n láyè láti yí i padà nígbà tí ó bá wù wọ́n. Macmillan ní Sargent tí ó wọkọ̀ òfuurufú lọ sí Seattle. Ẹ̀yin ní ta?

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé òyìnbó nìkan ni ó ń ṣe é. OkadaBooks, àtẹ ìwé orí ẹ̀rọ ti ilẹ̀ Nàìjíríà níbí, tí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ti ta ìwé wọn àkọ́kọ́, ti ìlẹ̀kùn ní ìparí oṣù kọkànlá ọdún 2023. Kì í ṣe ìjà ni ó pa á, owó ni, a kò sì dá a lẹ́bi. Ṣùgbọ́n òǹkọ̀wé tí ó jẹ́ pé ibẹ̀ nìkan ni ìwé rẹ̀ wà mọ bí ó ti rí nígbà tí ilẹ̀ mọ́ tí kò sí àtẹ mọ́.

Ohun tí a ń béèrè lọ́wọ́ àwọn onítẹ̀wé wa kò pọ̀. Ṣáájú kí wọ́n tó buwọ́ lu ìwé pẹ̀lú òǹtàwé orí ẹ̀rọ èyíkéyìí, ti ilé tàbí ti òkèèrè, kí wọ́n kọ ọ́ sínú rẹ̀ pé bí àdéhùn bá tán tí a kò tíì ṣe òmíràn, ìwé kò ní kúrò lórí àtẹ títí oṣù mẹ́fà yóò fi pé, àdéhùn àtijọ́ ni a ó sì máa lò. Kí wọ́n tún kọ ọ́ sínú àdéhùn àwọn àti òǹkọ̀wé pé bí àtẹ kan bá ti ìwé mọ́lé ju oṣù kan lọ nítorí ìjà wọn, òǹkọ̀wé lè gbé e lọ tà fúnra rẹ̀ níbi tí ó bá wù ú. Onítẹ̀wé tí ó bá ní èyí kò ṣeé ṣe, ojú ewé yìí ṣí sílẹ̀ fún un láti sọ ìdí rẹ̀ fún àwọn òǹkọ̀wé rẹ̀, a ó sì tẹ ẹ́ jáde bí ó ṣe kọ ọ́.